Wákàtí Mẹ́fà láti Guangzhou sí Delhi

Mo rántí òórùn aró tó wà lára aṣọ màmá wa nínú yàrá ilé ìwòsàn ní Delhi, tí àwọn nọ́ọ̀sì ń béèrè ohun tó ń rùn. Ojú màmá ló gbé wa débẹ̀ láti Abẹ́òkúta. Ojú òsì wọn ti fọ́ tipẹ́, ọ̀tún nìkan ló kù, dókítà sì ní kí iṣẹ́ abẹ wáyé lọ́jọ́ kejì tí a dé, kí ó má baà pẹ́ jù.

Ṣùgbọ́n kí a tó kúrò nílé, àbúrò bàbá wa, tó jẹ́ olórí ẹbí n'Ígbein, ti pàṣẹ pé a kì í fi abẹ kan ìyá lẹ́yìn dáwódù. Dáwódù wa, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ń ta aṣọ ní Guangzhou. Ọdún mọ́kànlá ni kò fi wálé. Màmá náà fẹ́ kó wá. Wọ́n ní bí iṣẹ́ abẹ náà kò bá bọ́ sí i, ojú ọmọ àwọn ni kí àwọn rí gbẹ̀yìn.

Èmi ọ̀mọ̀wé, tí mò ń ti Abẹ́òkúta lọ síṣẹ́ l'Ékòó lójoojúmọ́, mo yọ fóònù. Mo rí i pé ọ̀nà Guangzhou sí Delhi lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta àbọ̀ kìlómítà, àmọ́ bàálù kì í lò tó wákàtí mẹ́fà. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ti lo jù bẹ́ẹ̀ lọ rí láti ibi iṣẹ́ dé ilé, lọ́jọ́ tí ọkọ̀ dákú sí Wásinmi. Mo ní, "Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀, ìtòsí ni." Fóònù sọ bí bàálù ṣe ń yára tó, kò sọ bóyá ẹ̀gbọ́n mi yóò wọ̀ ọ́. Mi ò sì ronú kan ìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n mi ní òun ń bọ̀ lọ́la. Nígbà tí ọ̀la dé, ó ní kọ̀ǹténà òun ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ gbéra. Lọ́túnla, ó ní físà ni kò tíì jáde, físà tó ti ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi kí a tó kúrò nílé! Irọ́ ló ń pa fún ìyá tó bí i. Dókítà ń bá mi jà. Mo pe àbúrò bàbá wa n'Ígbein, mo ní, "Bàbá, ojú màmá ń lọ o!"

Bàbá ní, "Ẹ dúró dè é. Sùúrù ni baba ìwà."

Mo fẹ́ bú wọn. Sùúrù wo? Àwọn kọ́ ló jókòó ti ìyá tó ń béèrè láàárọ̀ pé ṣé ilẹ̀ kò tíì mọ́ ni. Síbẹ̀ mo ní, "Ó dáa, sà." Ọjọ́ kẹfà ni mo tó fọwọ́ síwèé iṣẹ́ abẹ fúnra mi. Dókítà sa ipá rẹ̀, àmọ́ ẹ̀pa kò bóró mọ́.

Lọ́dún tó kọjá, ẹ̀gbọ́n mi wálé. Ó kúnlẹ̀, ó ń sunkún, màmá ń fọwọ́ pa á lójú. Wọ́n yíjú sí ibi tí wọ́n rò pé mo wà, wọ́n ní, "Báwo ló ṣe rí báyìí? Ṣé ó ti jọ bàbá yín?"

Ó jọ bàbá wa bí ẹni pé wọ́n bù ú sọ. Ṣùgbọ́n inú ń bí mi débi pé mo ní, "Mi ò mọ̀, màmá," mo sì jáde. Wọn kò bi mí mọ́ láti ọjọ́ náà. Èmi náà kò sì tíì sọ fún wọn.