Máàkì Mẹ́rin fún Ìwà

Nígbà tí wọ́n gbé mi lọ sí ọ́fíìsì àwọn àgbẹ̀ ní Èrúwà, láyé ìjọba ológun, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ aṣọ àgùnbánirọ̀ ni. Ohun kan ṣoṣo tó dá mi lójú nípa ara mi ni pé n kì í ṣe ojúsàájú. Mi ò ní ìbátan kankan ní gbogbo Ìbàràpá. Kò kàn mí bóyá ará Ìgbó-Ọrà lèèyàn tàbí ará Lánlátẹ̀, bóyá mọ́ṣáláṣí ló ń lọ tàbí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo tiẹ̀ kọ ọ́ sórí páálí, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lókè tábìlì mi: A KÌ Í WOJÚ ẸNIKẸ́NI NÍBÍ. Inú mi máa ń dùn bí mo bá rí i láàárọ̀. Kì í ṣe ìgbéraga o. Ìtura ni, bí ẹni pé ẹnì kan ti bá mi jẹ́rìí.

Akọ̀wé méjì ló wà lábẹ́ mi. Ọ̀kan jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ Èrúwà. Ìkejì jẹ́ abiyamọ kan láti Ìdèrè tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Ìbejì, tó jù mí lọ ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá. Àwọn ló ń kọ káàdì fún àwọn àgbẹ̀ tó bá wá gba irúgbìn àgbàdo àti ajílẹ̀. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi dán wọn wò. Lẹ́yìn náà, ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn ni ìjọba máa gbà títí lọ, èmi ni mo sì máa fún wọn ní máàkì. Ìyá Ìbejì kò fi pa mọ́ pé òun nílò iṣẹ́ náà. Ọkọ rẹ̀ já bọ́ lórí ọ̀pẹ, kò lè roko mọ́.

Ẹ̀rù ba mí kí n má lọ ṣègbè. Nítorí náà n kò kọ orúkọ wọn sórí ìwé. "Ẹni Kìíní" àti "Ẹni Kejì" ni mo kọ. Èmi ni mo ń fún wọn ní máàkì, èmi náà ni mo sì mọ ẹni tó ń jẹ́ Ẹni Kejì, ṣùgbọ́n ọkàn mi balẹ̀.

Ọ̀gá wa, bàbá kan tó ti ṣe tíṣà fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó dé ọ́fíìsì wa, wo ìwé náà títí, ó bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Ta ni Ẹni Kejì?"

"Ìyá Ìbejì ni, sà."

"Iṣẹ́, mẹ́jọ. Ìwà, mẹ́rin nínú mẹ́wàá. Ta ló bú?"

"Kò bú ẹnikẹ́ni, sà."

"Kì í kí ọ ni?"

"Ó ń kúnlẹ̀ kí mi, sà. Mo tiẹ̀ ti bẹ̀ ẹ́ pé kó yé kúnlẹ̀."

"Ó jalè?"

"Rárá o, sà! Ó kàn... kò ní ọ̀wọ̀ tó. Mi ò mọ bí mo ṣe máa ṣàlàyé ẹ̀. Ó máa ń ṣe mí bákan ni."

"Bákan." Ó rẹ́rìn-ín. "Máàkì mélòó ni bákan máa ń gbà? Ẹni Kìíní tó ń fi káàdì àwọn ará ìlú Tápà fún àwọn ará Lánlátẹ̀, mẹ́sàn-án lo fún un."

"Ó níwà, sà. Ọwọ́ méjèèjì ló fi ń gbé nǹkan fún èèyàn."

"Ó kúkú ń fi ọwọ́ méjèèjì gbé àṣìṣe fún wa." Ó ti ìwé kékeré kan sí mi. "Lọ jókòó ti Ìyá Ìbejì lọ́la. Nígbàkígbà tó bá ti ṣe ọ́ bákan, kọ ohun tó ń ṣe sílẹ̀. Ohun tí òun ń ṣe o, kì í ṣe ohun tó ń ṣe ìwọ."

Lọ́jọ́ kejì, àwọn àgbẹ̀ kún ẹnu ọ̀nà wa. Nígbà tó fi di ọ̀sán, mo ti kọ ìlà márùn-ún. Ó na fáìlì sí mi. Ó na bírò sí mi. Ó na káàdì sí mi. Ó fún mi lómi. Ó na fáìlì sí mi.

Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì kí n tó gbójú sókè wo ọwọ́ rẹ̀. Òsì ni. Òsì ló fi ń kọ̀wé. Mo ti mọ̀ láti ọjọ́ kìíní, n kò sì rí ohun tó burú níbẹ̀. Òsì náà ló fi ń fún mi ní nǹkan. Ìyá àgbà mi ti gbá mi lọ́wọ́ rí nítorí ẹ̀pà tí mo fi òsì gbé fún un, n kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́rin lọ. Mo rò pé dìgírì mi ti wẹ ìyẹn kúrò lára mi. Dìgírì náà kò dé ibẹ̀.

Ojú tì mí gan-an. Mo lọ bá a níbi tó jókòó sí lábẹ́ igi máńgòrò, tó ń bó ọsàn. Mo tọrọ àforíjì. Mo ṣàlàyé pé kì í ṣe pé mo mọ̀ọ́mọ̀, mo ṣàlàyé bó ṣe rí lára mi tẹ́lẹ̀, bó ṣe wá rí lára mi báyìí, àti ohun tí ìyá àgbà mi ṣe. Ó bó ọsàn kan tán, ó mú òmíràn.

"Ṣé torí ọwọ́ yìí ni gbogbo àlàyé yìí?" Ó gbé ọ̀bẹ sókè, ó rẹ́rìn-ín. "Ọ̀gá kékeré, ẹ ò wò mí lọ́dọ̀ àwọn bàbá àgbẹ̀ ni? Ọ̀tún ni mo fi ń fún wọn ní káàdì. Ta ló fẹ́ gba èébú? Ẹ̀yin nìkan ni mi ò kì í pààrọ̀ ọwọ́ fún. Mo ní ẹ̀yin ti kàwé kọjá ìyẹn."

Mo padà sí tábìlì mi, mo pa mẹ́rin rẹ́, mo kọ mẹ́wàá, mo gbé e lọ fún ọ̀gá.

"Mẹ́wàá? Kí ló ṣe láàárín àná sí òní?"

"Mo ti rí àṣìṣe mi, sà. Ojú ń tì mí."

"Ìtìjú tìrẹ náà ti ń gba máàkì nìyẹn." Ó fa ìlà gbọọrọ la gbogbo ibi tí mo kọ ìwà sí kọjá, ti àwọn méjèèjì. "Bí o kò bá lè sọ ohun tí èèyàn ṣe, má fún un ní máàkì lórí ẹ̀." Ó ní ká lọ kó gbogbo káàdì oṣù mẹ́ta náà wá, ká wo èyí tí wọ́n dá padà nítorí àṣìṣe. Ẹyọ kan péré ni ti Ìyá Ìbejì. Ti ìkejì rẹ̀ kún inú páálí kan. Ìyá Ìbejì ni wọ́n gbà síṣẹ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja láti dágbére fún mi, mo sì ṣàkíyèsí pé ó tún wù mí kí n fún un ní mẹ́sàn-án.

Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, Ìyá Ìbejì mú fáìlì wá bá mi. Kó tó dé ọ̀dọ̀ mi, ó dúró, ó fi bírò sílẹ̀, ó pààrọ̀ ọwọ́, ó wá fi ọ̀tún na fáìlì náà sí mi.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà," mo ní, "ẹ lo ọwọ́ yín. Mo bẹ̀ yín."

"Ẹ má ṣèyọnu, ọ̀gá kékeré," ó ní. "Mo ti mọ̀ yín wàyí."

Ọdún méjì ni mo tún lò ní ọ́fíìsì náà. Kò gbàgbé lọ́jọ́ kan.