Ọjọ́ Tí Má-pa-á Ní Kí N Pa Á

Èmi ni oníná ilé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ wa. Gbogbo suwíìṣì tó wà níbẹ̀ ni mo láṣẹ lé lórí, àfi ọ̀kan ṣoṣo. Ọ̀kan yẹn wà lára ògiri yàrá sáfà, obìnrin kan tó ń tọ́jú kọ̀ǹpútà wa ló sì ni ín. Òun kọ́ ló rà á, òun kọ́ ló so ó mọ́ ògiri. Èmi ni mo so ó! Ṣùgbọ́n ẹ sún mọ́ ọn wò. Kí ọwọ́ yín tó kàn án, ẹ ó ti gbọ́ "Má pa á!" láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ohùn tó lè jí òkú. Ó tún wá kọ ọ́ gàdàgbà sórí bébà, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ suwíìṣì náà: MÁ PA Á. Bí a ṣe ń pè é ní Má-pa-á nìyẹn. Lójú rẹ̀, "Ẹ̀gbọ́n" ni mò ń pè é o, ayé ò tíì sú mi.

Sáfà tó ń ṣọ́ bí ojú yìí, kọ̀ǹpútà ńlá kan ni. Inú rẹ̀ ni àwọn kọ̀ǹpútà mìíràn ń gbé, tí wọn ò ní ara tiwọn. Ẹ má bi mí bó ṣe rí bẹ́ẹ̀, èmi náà bú sẹ́rìn-ín nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́. Má-pa-á ló là á yé mi. "Oníná, ilé kan náà ni, ayálégbé ló pọ̀ níbẹ̀. Ọ̀kan ń pe orúkọ àwọn aláìsàn, ọ̀kan ń tọ́jú fọ́tò, ọ̀kan ń gba èsì àyẹ̀wò."

Ayálégbé tó ń gba èsì yìí ló fojú wa rí màbo. Ẹ̀rọ tó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kì í tọ́jú nǹkan kan sọ́wọ́. Bó bá ti rí èsì, ó ti jù ú fún ayálégbé yìí nìyẹn. Ayálégbé á kọ́kọ́ gbé e sínú ràámù, ìyẹn iyè inú kọ̀ǹpútà, torí ibẹ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ ti yá jù, kó tó ráyè kọ ọ́ síbi tó máa pẹ́ sí. Ràámù sì rèé, bí iná bá ti lọ, ó ti gbàgbé gbogbo ohun tó mọ̀. Bátìrì tó yẹ kó gbé wa dúró títí jẹnẹrétọ̀ á fi gbéra ti darúgbó. Ìgbà mìíràn, kì í tilẹ̀ mí.

Ìyá Má-pa-á gan-an ni ọ̀rọ̀ yìí dùn jù. Kíndìnrín ń yọ Màmá lẹ́nu, ó sì gbọ́dọ̀ máa wá ṣàyẹ̀wò kí dókítà lè mọ ìwọ̀n oògùn tó máa lò. Àgbà ti dé, iṣan ti sá pamọ́. Lọ́jọ́ kan, nọ́ọ̀sì wá iṣan náà títí, ó gún ọwọ́ òsì, ó gún ọwọ́ ọ̀tún, ẹ̀yìn ọwọ́ ló ti padà rí i. Ẹ̀jẹ̀ wọ ẹ̀rọ, èsì jáde, ni iná bá lọ! Ẹ̀jẹ̀ irú àyẹ̀wò yẹn kì í sì dúró. Kí sáfà tó jí, ó ti bàjẹ́.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́," Má-pa-á ń bẹ̀ ẹ́, "ẹ mú ọwọ́ wá lẹ́ẹ̀kan sí i."

Màmá wò ó láti òkè délẹ̀. "Ṣé ẹ̀rọ yín ń mu ẹ̀jẹ̀ ni?"

A rẹ́rìn-ín. Màmá ò rẹ́rìn-ín. Ó mú ọwọ́ wá, wọ́n gún un, ó wá sọ apá aṣọ rẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ̀ẹ̀kan péré ló kù tí màá wá síbí. Bí ẹ bá tún sọ tèmi nù, ilé mi ni kí ikú ti wá bá mi." Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu wa. Má-pa-á mọ ìyá rẹ̀. Bí ìyẹn bá ti sọ̀rọ̀, abùṣe bùṣe.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í sáré kiri nìyẹn. Ó gbọ́ pé irú ràámù kan wà tí kì í gbàgbé: iná ìbáà lọ, iná ìbáà dé, ohun tó wà nínú rẹ̀ á ṣì wà níbẹ̀. Ó dààmú ọ̀gá wa títí ọ̀gá fi gbà á wá lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á, pé ká kọ́kọ́ dán an wò, bí kò bá ṣiṣẹ́, ká dá a padà.

Ọjọ́ tí páálí náà dé, ẹ̀yin ará! Má-pa-á fọ ọwọ́ bí ẹni fẹ́ gbẹ̀bí. Ó so wáyà kan mọ́ ọrùn ọwọ́ kí iná ara rẹ̀ má baà pa ràámù náà, ó ń tì í wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, "kẹ́ẹ́, kẹ́ẹ́." Sáfà jí, ó rí wọn. Ràámù pọ̀ bí eèrà! A gbá ara wa mú, a ń jó láàárín wáyà.

Lọ́jọ́ ìsinmi, tí kò sí aláìsàn kankan, a ní ká pa á wò. Má-pa-á dá ayálégbé kékeré kan sílẹ̀ fún ìdánwò, ó kọ ọ̀rọ̀ kan sínú ràámù rẹ̀: "Oníná yìí ti sanra jù."

"Ẹ̀gbọ́n! Kí ni mo fi ṣe yín?"

"Ohun tí mi ò lè gbàgbé ni mo kọ," ó ní. Ló bá kọjú sí ògiri, kó má baà rí ọwọ́ mi. Mo pa á. Mo tún tàn án. A dúró, a dúró. Ojú sáfà mọ́ fẹrẹgẹdẹ bí ojú ọmọ tuntun, kò rántí nǹkan kan. Mo ní, "Ẹ wò ó, mo ti fọn!"

Obìnrin náà jókòó ti ìwé tó bá ràámù wá, kò jẹ, kò mu. Lójijì ló lọgun: "Àṣé!" Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́ lórí àkàbà tí mo gùn lọ tún gílóòbù ṣe. "Oníná, iṣẹ́ méjì ni nǹkan yìí mọ̀ ọ́n ṣe! Ó lè ṣe ràámù lásán, kó tóbi, kó sì máa gbàgbé. Ó sì lè ṣe ibi ìpamọ́. Ti ràámù lásán ni wọ́n yàn fún un kí wọ́n tó gbé e wá. A ò tíì sọ fún un pé kó máa rántí!"

Inú bí mi. "Ràámù tí a torí ìrántí gbà, a tún gbọ́dọ̀ rán an létí ni?"

Kò ráyè mi. Ó tún sáfà jí, ó bá a kí ó tó lajú tán, ó wọ ibi tí wọ́n ti ń yan iṣẹ́ fún un, ó yí i sí ti ìpamọ́. Ó wá gé e sí wẹ́wẹ́ bí ẹni ń pín ilẹ̀, ó fún ayálégbé kékeré náà ní tirẹ̀, ó sì sọ fún un pé, "Èyí kì í ṣe ràámù lásán o, ìpamọ́ ni." Ó tún kọ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ náà síbẹ̀. Mo pa á, mo tàn án. Ọ̀rọ̀ náà yọ gbọnrangandan: "Oníná yìí ti sanra jù." Mo fò sókè! Wọn ò bú mi rí kí inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ yẹn náà ló gé ìpín tó tóbi jù fún ayálégbé tó ń gba èsì.

Nígbà tí ọ̀gá dé lọ́jọ́ kejì, ó wò wá, ó ní, "Ìsanra Oníná kọ́ ni èsì àyẹ̀wò. Ẹ̀jẹ̀ gidi ni kí ẹ fi dán an wò níṣojú mi, kí ẹ̀rọ máa ju èsì lọ́wọ́ nígbà tí iná bá lọ. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ká dá a padà."

Ẹ̀jẹ̀ ta wá ni? Ṣé a máa fi ti ẹni ẹlẹ́ni dánwò? Ibi tí a ti ń fa ọ̀rọ̀ náà mọ́ra wa lọ́wọ́ ni ẹnìkan ti dáhùn lórí bẹ́ǹṣì. Màmá ni! Ó ti wá fún ẹ̀ẹ̀kan tó ṣẹ́ kù.

"Tèmi ń kọ́?"

"Rárá, Màmá," Má-pa-á sọ̀rọ̀ wàràwàrà. "Tiyín kọ́."

"Ṣé ìwọ fúnra rẹ ò gba ohun tí o ṣe gbọ́ ni?"

Màmá ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, nọ́ọ̀sì wá iṣan, ó wá iṣan, ó rí i. Ẹ̀jẹ̀ wọ ẹ̀rọ. Nígbà tí èsì bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, ọ̀gá juwọ́ sí mi. "Oníná, pa á."

Mo ká ọwọ́ lẹ́rán. "Ẹ má bínú, ọ̀gá. Ohùn kan ṣoṣo ni suwíìṣì yìí mọ̀."

Gbogbo ojú yí sí Má-pa-á. Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ. Ó wo bébà tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ lẹ̀. Ó gba ẹnu ọ̀nà wo Màmá, tí apá aṣọ rẹ̀ ṣì wà ní kíká, bí ẹni tó mọ̀ pé wọ́n ṣì ń bọ̀ wá gún òun. Ẹ̀rù ń bà á, ẹ̀rù ń ba èmi náà. Ló bá mí kanlẹ̀.

"Pa á!"

Mo pa á. Yàrá náà ò ní fèrèsé, suwíìṣì yìí náà ló sì ń gbé gílóòbù rẹ̀, ló bá ṣókùnkùn. Fáànù inú sáfà tó ti ń han láti ọjọ́ tí mo ti débẹ̀ dákẹ́. Láti ìta ni ohùn Màmá ti wá: "Mo ń wò yín o!"

Mo tàn án. Sáfà ń jí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ọlẹ, mo fẹ́ gbá a nípàá. Ayálégbé èsì lajú. A bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. Orúkọ Màmá kọ́kọ́ yọ, lẹ́yìn náà ni èsì ń tò tẹ̀ léra wọn, gbogbo rẹ̀ pé, kò sí ọ̀kan tó sọ nù! Ọ̀gá pàtẹ́wọ́, èmi ké bí ẹni jẹ tẹ́tẹ́. Má-pa-á, ẹni tí ohùn rẹ̀ ń jí òkú, la ẹnu, kò rí ohùn kankan mú jáde. Omi ló ń dà lójú rẹ̀ wàwà.

Màmá dìde lórí bẹ́ǹṣì, ó rọra sọ apá aṣọ rẹ̀ kálẹ̀.

"Ó dáa," ó ní. "Ọjọ́ wo ni kí n tún padà wá?"