Àjẹ̀ Tí Mo Ká Iná Kérésì Sí

Òórùn wáyà tó ti pẹ́ nínú páálí ló bá mi nínú yàrá lánàá. Ọmọ mi obìnrin, tí mo ń bá gbé ní Thomas Estate, ló da iná Kérésì sílẹ̀, gbogbo rẹ̀ lọ́ mọ́ra bí ìfun ẹran.

"Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká dà á nù. A ó ra òmíràn."

Mo gba páálí náà lọ́wọ́ rẹ̀. Òórùn yẹn ti gbé mi padà sí Ajah àtijọ́, nígbà tí ọ̀sà ṣì ń dé ẹ̀yìn ilé wa.

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà náà, láàárín àwọn ọdún 1970. Ìjọ wa ṣẹ̀ṣẹ̀ ra jẹnẹrétọ̀ kékeré kan tó ń húkọ́ bí arúgbó, ẹnì kan sì fi okùn iná aláràbarà kan ta wá lọ́rẹ. Nígbà tí ọdún parí, Àǹtí Ṣọlá, olórí akọrin, ní kí n kó o pamọ́, nítorí ọmọ apẹja ni mí, ọwọ́ mi mọ okùn.

Bàbá mi máa ń sọ pé okùn tí a bá ń yí sí ọ̀nà kan ṣoṣo á bínú. Orí igi ni wọ́n ń ká a sí: á gba apá kan lọ, á dábùú ara rẹ̀ láàárín, á gba apá kejì bọ̀. Mo rí àjẹ̀ àtijọ́ kan, irú èyí tí a fi ń wa ọkọ̀, tó fara ti igi àgbọn kan. Mo ká iná náà sí i, gílóòbù kan kò kan ìkejì, mo fi àkísà pupa so ọrùn rẹ̀, mo sì kì í bọ páálí ìjọ, ọwọ́ àjẹ̀ náà yọ síta. Ọ̀rẹ́ mi Bọ́lá ló bá mi di ìdí rẹ̀ mú, ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: "Ìyàwó apẹja! Ṣé gílóòbù lo fẹ́ fi dẹ ẹja ni?"

Kérésì ọdún kejì, èmi ni wọ́n yàn láti ka Bíbélì níwájú ìjọ. Mo ti kọ́ gbogbo rẹ̀ sórí. Àfi bí wọ́n ṣe ṣí páálí náà: kò sí àjẹ̀ níbẹ̀, iná ti di òkìtì, ìdajì gílóòbù ti fọ́.

"Ẹni tí kò lè tọ́jú okùn," ni Àǹtí Ṣọlá wí, "ṣé òun ló máa tọ́jú ọ̀rọ̀ Ọlọ́run? Bọ́lá, ìwọ ni kó o kà á."

Mo ní orí àjẹ̀ ni mo ká a sí. "Àjẹ̀ náà dà?" ni Àǹtí Ṣọlá bi mí. Mo wo Bọ́lá. Bọ́lá wo ilẹ̀. Ó kà á lọ́jọ́ Kérésì, ó sì fo ẹsẹ kan. Mi ò tíì gbàgbé.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo rí bàbá Bọ́lá lórí ọ̀sà. Àkísà pupa mi wà lọ́rùn àjẹ̀ ọwọ́ wọn. Lójú mi, Bọ́lá ló jí i; láti ọjọ́ náà, mi ò bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Nígbà tó lọ́kọ, tó kó lọ sí Jakande ní Ìlasàn, ẹ̀ẹ̀mejì ló ránṣẹ́ kí mi. Mi ò dá a lóhùn. Mi ò mọ̀ bóyá ó ṣì wà láyé.

Lánàá, bí mo ṣe ń ká wáyà sórí igi kan tí mo rí lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ọ̀rọ̀ náà dojú rú mọ́ mi lọ́wọ́. Igi àgbọn yẹn, ẹ̀yìn ilé àwọn Bọ́lá ló wà. Mi ò bi ẹnikẹ́ni léèrè pé ta ló ni àjẹ̀. Ṣé bí Bọ́lá ṣe wo ilẹ̀ yẹn, ó ń bò mí láṣìírí ni, kí ìjọ má baà pè mí lólè? Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kí ló dé tó fi yára gba Bíbélì? Ta ló ṣẹ ta? Wọ́n ti rọ yanrìn dí ọ̀sà náà, mọ́tò ló ń gba orí rẹ̀ kọjá báyìí; kò sí ẹni tí mo lè bi. Ọwọ́ mi nìkan ni kò gbàgbé bí a ṣe ń ká okùn.

Mo ká a tán, mo so àkísà mọ́ ọn. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ mi ké láti ilé ìdáná:

"Mọ́mì, ta ló mú igi mọ́ọ̀pù mi?"

Mo wo ilẹ̀.