Ènì Tí Wọ́n Fi Kún Sípíríǹgì Ìrù Bàálù

Bàálù tí mò ń bá wọn tọ́jú ní oko ńlá kan lẹ́yìn Ìlọràá kò tóbi. Ènìyàn kan ṣoṣo ló ń gbé, pẹ̀lú táǹkì oògùn kòkòrò. Táyà méjì wà níwájú rẹ̀, ìkẹta tí kò tóbi ju àwo ọbẹ̀ lọ sì wà lábẹ́ ìrù. Irin pẹlẹbẹ kan tó tẹ̀ bí ọrun ló so táyà kékeré yìí mọ́ ara bàálù. Sípíríǹgì là ń pè é. Bóòtù kan ló gba inú ihò kan kọjá létí sípíríǹgì náà láti di táyà mú. Bí bàálù bá balẹ̀, bóòtù yẹn àti ihò rẹ̀ ló ń gba ẹrù ìrù. Bí ọ̀kan nínú wọn bá já, ìrù á máa wọ́ nílẹ̀, awakọ̀ ò sì ní lè darí rẹ̀ mọ́. Ó lè dúró ní àlàáfíà. Ó lè yí po kó sì dojú dé. Mi ò rí i rí, nítorí náà mi ò lè sọ pé mo mọ bó ṣe ń rí.

Lẹ́yìn tí mo ṣe àgùnbánirọ̀ tán ni mo padà sílé ní Fìdítì tí mo sì rí iṣẹ́ náà. Ìwé ẹ̀rí mi sọ pé mo kọ́ ẹ̀kọ́ nípa irin. Ohun tí mò ń ṣe ni kí n fọ ẹrẹ̀ kúrò lábẹ́ ìrù, kí n fi gíríìsì sí i, kí n wo àwọn bóòtù, kí n sì kọ ohun tí mo bá rí sílẹ̀. Ẹni tó láṣẹ láti fọwọ́ sí i pé bàálù lè fò ni ẹnjiníà àgbà, tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń wá láti Ìbàdàn lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀.

Lọ́dún yẹn, bàbá mi gba ilẹ̀ lára èyí tí oko náà pín fún àwọn àgbẹ̀ àyíká. Ẹ̀gẹ́ ni wọ́n máa ń gbìn ní oko wọn ní Akínmọ̀ọ́rìn tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n wọn ò gbin nǹkan mìíràn lọ́dún náà àfi àgbàdo. Nígbà tó dé orókún ni kòkòrò wọ inú rẹ̀. Bàbá mi gbé páǹpù kọ́ ẹ̀yìn, wọ́n fín in. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan kòkòrò tún ti inú oko aládùúgbò wọlé padà. Gbogbo àgbẹ̀ wá fẹnu kò pé kí bàálù fín ilẹ̀ náà pátápátá láàárọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo. Wọ́n dá ọjọ́.

Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta, páílọ́ọ̀tì gbé bàálù fò láti dán ẹ̀rọ ìfín-oògùn wò. Bó ṣe balẹ̀ báyìí, ìrù bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

Ó sọ̀ kalẹ̀, ó ní, "Ẹnjiníà kékeré, kí lo fún ìrù yìí mu? Ó ń jó láìsí onílù."

Ẹnjiníà àgbà kúnlẹ̀, wọ́n mi táyà náà. Bóòtù ti jẹ, ó sì ti dípẹtà mọ́nú ihò. Nọ́ọ̀tù rẹ̀ tú, bóòtù fúnra rẹ̀ kọ̀ jálẹ̀, nígbà tí a sì lù ú, orí rẹ̀ já. Bóòtù tuntun wà nínú àpótí ẹnjiníà, ojúlówó. Kí a yọ àkọ́kọ́ nìkan ló kù. A tú sípíríǹgì sílẹ̀ lódindi.

"Wá ẹni tó ní ẹ̀rọ ìlurin tó dúró lórí ẹsẹ̀, èyí tó ń yí lu ihò," ni ẹnjiníà àgbà sọ fún mi. "Kó lu bóòtù yẹn jáde. Iná ò gbọdọ̀ dé ibẹ̀ o."

Wẹ́dà kan ní Fìdítì, ọ̀rẹ́ bàbá mi, ló ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ kí wọn.

"Ẹ bá mi lu èyí jáde, sà."

"Ìyẹn nìkan?"

"Ìyẹn nìkan, sà."

Mi ò sọ ti iná fún wọn. Mo ti gbé ìdí rẹ̀ yẹ̀ wò lọ́pọ̀ ìgbà. Wọ́n ti ń jó géètì kí wọ́n tó bí mi, ó sì dà bí àfojúdi pé kí n máa kọ́ wọn níṣẹ́. Yàtọ̀ sí ìyẹn, lílù ni mo bẹ̀ wọ́n, níbo ni iná yóò ti wá? Mo gbà pé ọgbọ́n wà nínú ìbéèrè yẹn. Ó sì tàn mí jẹ.

Mo fẹ́ dúró, wọ́n ní, "Wọlé lọ kí ìyá ẹ. Àbí o fẹ́ ṣọ́ mi ni?"

Mo wọlé. Ìyàwó wọn bu gàrí àti ẹ̀wà fún mi. Bí mo ṣe ń jẹun, mo gbọ́ tí ohùn jẹnẹrétọ̀ rẹlẹ̀, tó ń kérora bó ṣe máa ń ṣe tí wọ́n bá ń jó irin. Mo gbọ́ ọ dáadáa. Mo ní géètì ẹlòmíràn ni.

Nígbà tí mo jáde, sípíríǹgì wà nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì omi. Wọ́n fà á yọ, wọ́n nù ún, wọ́n fi ọ̀dà dúdú kùn ún lójú mi.

"Ihò yẹn ti fẹ̀ ju bóòtù lọ," ni wọ́n wí. "Mo ti fi iná dí i, mo lu tuntun síbẹ̀. Ènì nìyẹn, má dúpẹ́. Kí àgbàdo bàbá ẹ ṣáà là."

Ní ọ̀dọ̀ wa, oníṣẹ́ tó mọ bàbá ẹni kì í jẹ́ kí á lọ láìfi nǹkan lé e. Mo dúpẹ́.

Lórí ọ̀kadà, mo gbé irin náà sórí itan. Ojú lásán kò lè rí àléébù kankan lára rẹ̀, ihò tuntun yẹn sì gún ju ti àtijọ́ lọ. Ṣùgbọ́n iná tí wọ́n díwọ̀n ni wọ́n fi ń ṣe sípíríǹgì kó lè tẹ̀ kó sì padà. Iná mìíràn tí a kò díwọ̀n, pẹ̀lú omi tútù lẹ́yìn rẹ̀, lè sọ apá kan di líle tó ń fọ́ bí àwo, kó sọ apá kejì di rírọ̀. Ó lè, ni mo wí. Nígbà tí mo dé ibi iṣẹ́, mo mú fáìlì, mo fi ha á. Lápá tó jìnnà sí ihò, fáìlì ń gé e díẹ̀díẹ̀, ó sì dọ́gba. Lẹ́bàá ihò, ó ń yọ̀ bí ẹni tó ń ha ìgò. Ìwọ̀n ìka kan sí ibẹ̀, ó ń jẹ ẹ́ bí páànù.

Kò sẹ́ni tó rí mi. Mo lè kun ọ̀dà padà. Mo ronú nípa ìyẹn ju bó ṣe yẹ lọ.

"Iná kàn án, sà," ni mo sọ fún ẹnjiníà àgbà. "Wọ́n tún kì í bọ omi."

"Ta ló ní kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀?"

"Kò sí, sà. Wọ́n ní ènì ni."

Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n mí kanlẹ̀. Páílọ́ọ̀tì sún mọ́ wa. "Ẹ̀ẹ̀kan péré ńkọ́, sà? Màá rọra gbé e balẹ̀ bí ẹni gbé ẹyin."

"Ìwọ lo máa bẹ irin, àbí èmi?"

Èmi náà béèrè, mi ò lè ṣe é kí n má béèrè: "Ṣé kò lè mú un di ọjọ́ kan, sà?"

"Ó lè mú un. Ó lè má mú un. Mi ò ń fọwọ́ sí 'ó lè'."

Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé bàálù kò gbọdọ̀ fò. Òkè òkun ni sípíríǹgì tuntun yóò ti wá. Ẹni tó ń tà á fèsì lórí fóònù pé bó bá tiẹ̀ yá, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni.

Bàbá mi wá lọ́jọ́ kejì. Wọ́n wo bàálù náà níbi tí a ti fi igi gbé ìrù rẹ̀ sókè.

"Gbogbo nǹkan yìí pé, àfi irin tó wà lọ́wọ́ ẹ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Ìwọ tó kàwé, irin pẹlẹbẹ ló dá ẹ dúró."

Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ wẹ́dà fún wọn. Wọ́n ní, "Má jẹ́ kó gbọ́ o. Oore ló ṣe."

A gbé páǹpù kọ́ ẹ̀yìn, àwa àti àwọn àgbẹ̀ yòókù. Òjò wẹ oògùn dànù lọ́sàn-án ọjọ́ náà gan-an. Nígbà tí oògùn tán, a ń bu eérú sí ọkàn àgbàdo, ẹsẹ̀ kan tẹ̀ lé ẹsẹ̀ kan. Mo máa ń ya ewé, kòkòrò á ká jọ nínú ìdọ̀tí ara rẹ̀, màá fi èékánná tẹ̀ ẹ́ pa. Bí a bá fi máa dé òpin ebè, kòkòrò á ti tún wà ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Kí sípíríǹgì tó dé, bàbá mi ti ń fi àdá gé àgbàdo náà fún ewúrẹ́. Mò ń kó o jọ lẹ́yìn wọn. Wọ́n dúró, wọ́n nu ojú.

"Èyí tí wẹ́dà jó yẹn," ni wọ́n wí, "ṣé ìbá já lóòótọ́?"

Mo wá ìdáhùn tó máa tù wọ́n nínú. Mi ò rí èyí tó jẹ́ òótọ́.

"Mi ò mọ̀, Bàbá."

Wọ́n mi orí, wọ́n sì padà sídìí èyí tó kù láti gé.