Etí Ọ̀tún, Etí Òsì

Iṣẹ́ tí mo fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe láyé mi kò ní orúkọ, bẹ́ẹ̀ orúkọ gan-an ni iṣẹ́ náà. Bí àwọn èèyàn bá rí mi lórí ìtàgé lẹ́yìn Alhaji Kàrímù Àdìó, wọ́n á rò pé agberin lásán ni mí. Mo máa ń gberin lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohùn mi kò ju ohùn ẹni tó ń pe adìẹ lọ. Ohun tí Alhaji fi ń gbé mi káàkiri ni pé èmi ni mò ń rin àárín èrò, tí mò ń wádìí ẹni tó jókòó síbẹ̀, tí mo sì ń padà wá sọ orúkọ wọn sí i létí kó lè fi orin kí wọn. Olórin tó bá kí ọ lórúkọ, tó fi oríkì rẹ kún un, tó tún mọ baba tó bí ọ, o kò lè gbàgbé rẹ̀ mọ́.

Búrẹ́dì ni mò ń tà ní ìdíkọ̀ réluwéè Ọ̀fà nígbà tí Alhaji rí mi, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Ó dúró ti àpótí gìtá rẹ̀, ó ń retí ọkọ̀ Ìlọrin, èmi sì ń kí àwọn oníbàárà mi lójú fèrèsé ọkọ̀ tó ń lọ sí Ìbàdàn, Àjọkẹ́ lọ́tùn-ún, Àlàó lósì. Ó pè mí.

"Ta ló kọ́ ọ ní oríkì gbogbo àwọn èèyàn wọ̀nyí?"

"Kò sẹ́ni tó kọ́ mi, sà. Ẹni tí mo bá kí dáadáa ló ń rajà lọ́wọ́ mi."

Ó rẹ́rìn-ín, ó bi mí lórúkọ, mo sọ fún un. "Sọ àtẹ yẹn kalẹ̀, Múlíkà. Wá bá mi ṣiṣẹ́. Lásísì ti fẹ́ pa mí."

Lásísì ni ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ náà ṣáájú mi. Èèyàn jẹ́ẹ́jẹ́ ni, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ wúwo. Wọ́n lọ ṣeré níbi ìsọmọlórúkọ kan ní Ìlémọ̀nà, Lásísì kò rin àárín èrò, ẹnu ọ̀nà ló dúró sí tó ń bi ọmọbìnrin tó ń pín omi pé ta ni ọkùnrin tó wọ agbádá funfun yẹn. Ìyẹn ní Bàbá Kẹ́mi ni. Ni Alhaji bá dojú orin kọ Bàbá Kẹ́mi, ó yìn ín títí, Bàbá Kẹ́mi náà sì bọ́ sójú agbo, ó ń jó bí ẹni tí ilẹ̀ ń jó lẹ́sẹ̀. Àṣé dírẹ́bà ni. Ọ̀gá rẹ̀ ló ta á lọ́rẹ agbádá. Ọ̀gá náà, tó pe eré, jókòó síwájú nínú bùbá àti ṣòkòtò lásán, kò sì sẹ́ni tó dárúkọ rẹ̀ títí wọ́n fi palẹ̀ mọ́.

Láti ọjọ́ náà ni Alhaji ti ṣe òfin kan, òun ló sì fi kọ́kọ́ kọ́ mi níṣẹ́: "Ẹni tí ojú rẹ àti tirẹ̀ kò bá tíì ṣe mẹ́rin, má gbé orúkọ rẹ̀ wá sí mi létí. Òfófó kọ́ lo wá ṣe."

Òfin kejì ni ti etí. Ariwo ìlù àti gìtá kì í jẹ́ kéèyàn rí àyè ṣàlàyé, nítorí náà, etí ọ̀tún ni ti alààyè, etí òsì ni ti òkú. Bí mo bá dúró sí ọ̀tún rẹ̀ tí mo ní "Jìmọ́ Àlàó, ọmọ Bàbá Alágbẹ̀dẹ", ó mọ̀ pé ẹni náà wà níwájú òun, á kí i, á sì wúre fún un. Bí mo bá yí sí òsì, á mọ̀ pé òbí tàbí ará ẹnì kan tó jókòó síbẹ̀ ni, tó ti lọ sálàkeji, á sì fi ohùn tútù rántí rẹ̀. A kì í ṣi etí pè. Ẹgbẹ́ olórin tó bá pe alààyè mọ́ òkú níwájú mọ̀lẹ́bí rẹ̀, kí wọ́n tètè máa kó gìtá wọn sínú ọkọ̀.

Láàárín gbogbo òkú tí mo ń gbé lọ sí etí òsì, ọ̀kan wà tí n kì í wádìí. Bàsírù Àkànní ni. Òun àti Alhaji ló jọ dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní Ọ̀fà nígbà èwe wọn, Kàrímù ń kọrin, Bàsírù ń ta gìtá. Ìka àárín ọwọ́ òsì Bàsírù ti gé kúrú láti kékeré nídìí ẹ̀rọ ìlọta, ṣùgbọ́n Alhaji kì í yé sọ pé ìka kúkurú yẹn ló ń fa ohùn kan jáde lára okùn gìtá tí ẹlòmíràn kò rí fà. Nígbà tí àwo wọn àkọ́kọ́ fẹ́ jáde, wọ́n jà lórí orúkọ ta ni yóò ṣáájú lára páálí rẹ̀. Bàsírù bínú, ó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó di ìlú Òyìnbó. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, arìnrìn-àjò kan mú ìròyìn wálé pé Bàsírù ti kú sílé ìwòsàn lọ́hùn-ún. Ìyá rẹ̀ ti lọ ṣáájú, kò sì níyàwó. Alhaji ló pe àwọn àfáà, tó ṣe fìdáù fún un, tí gbogbo àdúgbò jẹ ẹran yó. Lẹ́yìn náà ló ti ilẹ̀kùn mọ́rí, ó sunkún, ó sì kọ orin kan:

*Àkànní ọ̀rẹ́ mi, o lọ o ò wẹ̀yìn,*
*Gìtá rẹ ń bẹ lára ògiri, kò rẹ́ni gbé e.*

Orin yẹn ló sọ ọ́ di ẹni tí gbogbo Nàìjíríà mọ̀.

Nígbà tí a wọ àwọn ọdún 1990, tí irun Alhaji ti funfun, àwọn tó ń ṣètò eré ní kó wá rin ìrìn àjò orin kan: kó kó gbogbo orin ayé rẹ̀ jọ, kó kọ wọ́n tẹ̀léra láti àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn, ní Kútọnu, Àbíjáàn, Lọ́ńdọ̀nù àti Mánṣẹ́sítà. Ẹ wo èmi alátẹ búrẹ́dì tí wọ́n ní kó wá gba físà! Òyìnbó tó fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò ní kí ni mò ń ṣe nínú ẹgbẹ́. Mo ní mo máa ń sọ orúkọ. Ó ní orúkọ ta ni? Mo ní, "Tiyín náà, sà, bí ẹ bá lè jókòó níwájú." Ó tẹ ìwé mi lóǹtẹ̀.

Ní Àbíjáàn, mo rí ọmọ Ọ̀fà tó pọ̀ débi pé etí ọ̀tún Alhaji fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Àwọn ọmọ tí kò gbọ́ ju Faransé lọ, bí ó bá ti kì wọ́n, wọn á dìde nàró, wọn á wo ìyá wọn lójú. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé oúnjẹ. Ní Lọ́ńdọ̀nù, òtútù ni ọ̀tá mi, gbogbo èèyàn ló fi aṣọ bo imú, bẹ́ẹ̀ ojú ni mo fi ń ṣiṣẹ́. Síbẹ̀ n kò ṣi ẹyọ kan pè. Mo ń fọ́nnu, ẹ jẹ́ n fọ́nnu, iṣẹ́ mi ni.

Mánṣẹ́sítà ni ọ̀rọ̀ ti ṣẹlẹ̀. Orin tó kàn ni orin Àkànní, àwọn onígìtá ti ń ta ọ̀nà rẹ̀ bọ̀, ìyẹn ohùn gìtá tó ń ṣáájú orin, Alhaji ń nu òógùn. Mo fi àyè yẹn yẹ ẹ̀yìn gbọ̀ngàn wò. Bàbá kan dá jókòó síbẹ̀ nínú kóòtù gígùn.

"Ẹ kú ìkàlẹ̀, Bàbá. Kí ni orúkọ yín, kí Alhaji lè kí yín?"

"Má ṣèyọnu, ọmọ mi. Ó ti ń kí mi ọjọ́ ti pẹ́."

"Ọmọ ibo ni yín, sà?"

"Ọmọ Ọ̀fà. Bàsírù Àkànní."

Ó gbé ọwọ́ òsì sókè. Ìka àárín kúrú. Orí mi wú, mo ka Fátíhà sínú.

"Bàbá, a ti ṣe fìdáù yín o!"

"Mo gbọ́. Wọ́n ní ẹran pọ̀." Ó ní Bàsírù mìíràn ló kú, tí àwọn jọ gbé ilé kan náà, pé inú ṣì ń bí òun nígbà náà ni òun kò fi kọ̀wé sílé. "Nígbà tí mo wá gbọ́ orin náà ní ṣọ́ọ̀bù ará ilé kan, mo rí i pé òkú mi níyì ju ààyè mi lọ. Mo ní kí n kúkú jókòó síbẹ̀."

Mo fẹ́ sáré lọ, ó di ọwọ́ mi mú. "Má sọ fún un. Jẹ́ kó kọ ọ́ tán. Mo fẹ́ fetí mi gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré."

Mo ń padà lọ, mo ń rò ó. Àgbà ló bẹ̀ mí, kì í ṣe ohun ibi ló sì béèrè. Ṣùgbọ́n bí n kò bá sọ ọ́, ọ̀gá mi yóò dúró níwájú ayé, yóò máa fi omijé sin ẹni tó ń wò ó lójú, bí wọ́n bá sì tan iná gbọ̀ngàn, ẹ̀sín rẹ̀ yóò dé Ọ̀fà ṣáájú wa. Bí mo bá sì sọ ọ́, ó lè wó lulẹ̀ sórí ìtàgé, àgbàlagbà tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ní ìdí iṣẹ́ mi, òótọ́ kan ṣoṣo ni mo ní. Ojú èmi àti ọkùnrin náà ti ṣe mẹ́rin.

Mo gun orí ìtàgé. Alhaji ti gbé etí òsì fún mi, bó ṣe máa ń ṣe bí orin yẹn bá kàn. Mo yí sí ọ̀tún.

"Bàsírù Àkànní," ni mo wí.

Ó fa orí sẹ́yìn. "Etí ọ̀tún ni o wà, Múlíkà."

"Etí ọ̀tún ni, sà."

"O rí i?"

"Ojú mi rí i. Mo rí ìka rẹ̀."

Ó na ọrùn wo ẹ̀yìn gbọ̀ngàn. Àwọn onígìtá ń ta ọ̀nà orin náà yípo, wọ́n ń wojú rẹ̀. Ìgbà tó yá, ó dá wọn dúró, ó ní: "Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má bínú. N kò lè kọ orin tó kàn yìí. Ẹni tí mo kọ ọ́ fún kọ̀, kò kú."

Ohùn kan wá láti ẹ̀yìn: "Kọ ọ́ jàre! Mo sanwó wọlé!"

Bàsírù rìn wá sórí ìtàgé, àwọn méjèèjì sì di ara wọn mú léjìká, wọ́n ń mi ara wọn jìgìjìgì, kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá wọ́n ń dì mọ́ra ni tàbí wọ́n ń jà. Ẹnì kan kígbe nínú èrò pé, "Ìjàkadì lorò Ọ̀fà!" Ni ẹ̀rín bá bẹ́, ẹkún sì bẹ́ pẹ̀lú rẹ̀. Wọ́n gbé gìtá fún Bàsírù. Alhaji kọ orin náà láti òkè délẹ̀, òkú sì ń dá a lóhùn. "Àkànní ọ̀rẹ́ mi, o lọ o ò wẹ̀yìn." "Mo ti wẹ̀yìn!" "Gìtá rẹ ń bẹ lára ògiri." "Mo ti sọ̀ ọ́ kalẹ̀!" Mo gbọ́ ohùn ìka kúkurú yẹn fún ìgbà àkọ́kọ́. Alhaji kò purọ́.

Bàsírù bá wa wálé. Àwọn tó jẹ ẹran fìdáù rẹ̀ sá fún un lójú títì, ìyá arúgbó kan sì ní kó bá òun se ìrẹsì tí òun fi ṣe sàráà padà. Àwọn ọ̀rẹ́ méjèèjì tún jà lórí páálí àwo tuntun: Alhaji ní kí orúkọ Bàsírù ṣáájú, Bàsírù ní kò sóhun tó jọ ọ́. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọn ò fi bára wọn sọ̀rọ̀.

Kí àwọn ọdún 1990 tó parí, Alhaji ṣàìsàn, ó sì lọ. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ fìdáù, nígbà tí àwọn àfáà ti lọ, Bàsírù gbé àga sí àgbàlá, ó gbé gìtá lé itan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta ọ̀nà orin tí Alhaji kọ fún òun. Ó ta á yípo, ó ta á yípo, kò rí orúkọ fi sí i. Ó gbójú sókè, ó ń wá mi. Mo dìde láàárín àwọn obìnrin. Ó gbé etí ọ̀tún fún mi.

Mo kọjá lẹ́yìn rẹ̀, mo bọ́ sí òsì, mo sì sọ orúkọ ọ̀gá mi.