Ọwọ́ Rọ́bà Ìyá Ẹ̀sọ̀

Ọdún mọ́kàndínlógún ni obìnrin tí wọ́n ń pè ní Ìyá Ẹ̀sọ̀ fi ń yí àwọn arúgbó lórí ibùsùn nílé ìtọ́jú wọn. Bí awọ ara wọn ti fẹ́lẹ́ tó, kò fi èékánná ha ẹnì kankan rí. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́: ibẹ̀ lorúkọ rẹ̀ ti wá. Ìyá tó bí i gan-an wà lórí ibùsùn keje níbẹ̀.

Nígbà tí ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, wọ́n ra ẹ̀rọ. Onírin ni wọ́n kọ́kọ́ gbé wá. Lọ́jọ́ kejì, ó bó awọ apá bàbá kan. Wọ́n dá a padà kíá. Lẹ́yìn náà ni rọ́bọ́ọ̀tì rírọ̀ tí wọ́n sọ ní Rọ́bà dé. Rọ́bà ni gbogbo ọwọ́ rẹ̀, kò léegun, afẹ́fẹ́ ló ń wọ inú ìka rẹ̀ tó fi ń wú, tó fi ń ká mọ́ ènìyàn. Ó lè mú ẹyin láìfọ́ ọ, ó sì lè gbé àgbàlagbà. Enjinníà tó mú un wá ní ọwọ́ ènìyàn ni yóò kọ́ ọ níṣẹ́. Oṣù kan gbáko ni Ìyá Ẹ̀sọ̀ fi wọ ìbọ̀wọ́ oníwáyà ṣiṣẹ́, tí kámẹ́rà ń wò ó, kí Rọ́bà lè mọ̀ ọ́n ṣe bíi tirẹ̀. Ó sì mọ̀ ọ́n ṣe. Egbò ìdùbúlẹ̀ dín kù, ẹ̀yìn Ìyá Ẹ̀sọ̀ náà sì sinmi.

Lọ́jọ́ kan, Rọ́bà yí olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì. Bó ṣe ṣe tán, ó kan àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, ó na ìka, ó fi ra á níwájú orí lẹ́ẹ̀mẹta, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Olùkọ́ rẹ́rìn-ín, ó ní ẹ̀rọ yìí mọ ènìyàn kẹ́. Kò rí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Lọ́sẹ̀ kejì ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún aránṣọ kan tó ṣì ń ṣẹ̀fẹ̀ lórí oúnjẹ. Òun náà kú. Nígbà tó di ẹlẹ́ẹ̀kẹta, kò sí òṣìṣẹ́ tó fẹ́ dá wà pẹ̀lú Rọ́bà mọ́. Ìyá Ẹ̀sọ̀ ránṣẹ́ pe enjinníà pé kó wá yọ ìwàkiwà yẹn kúrò lára ẹ̀rọ rẹ̀, kó tó kan ibùsùn keje.

Enjinníà fi fídíò oṣù ẹ̀kọ́ hàn án. Ó rí ọwọ́ ara rẹ̀ tó fọwọ́ kan àtẹ́lẹsẹ̀ bàbá kan, tó dúró díẹ̀, tó wá gòkè lọ ra iwájú orí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló ṣe é lóṣù náà. Ó rántí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Wọ́n ti kú, kálukú lọ́jọ́ tó ra á lórí gan-an. Kò mọ̀ pé òun ń ṣe bẹ́ẹ̀ rí láyé òun.

“Ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ, mà,” ni enjinníà wí. “Ó jọ pé láti àtẹ́lẹsẹ̀ ni ọwọ́ yín ti ń mọ ẹni tó fẹ́ lọ, kí ẹ̀yin tó mọ̀.”

Ìyá Ẹ̀sọ̀ ní kó ṣáà yọ ọ́. Enjinníà ṣèlérí pé òun á padà wá lọ́la.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí enjinníà tó dé, Màmá Ìyá Ẹ̀sọ̀, tó wà lórí ibùsùn keje, jẹ búrẹ́dì rẹ̀ tán, ó sì bá ọmọ rẹ̀ wí pé irun rẹ̀ rí játijàti. Rọ́bà yí i. Ó kan àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Ó dúró. Ó gòkè, ó ra iwájú orí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó ra á lẹ́ẹ̀kejì. Ìyá Ẹ̀sọ̀ gbá ọwọ́ Rọ́bà mú. Rọ́bà kò jà, ìka rẹ̀ kàn ń wú, ó ń rọ̀ nínú ọwọ́ rẹ̀, ó ń dúró dè é.

Màmá ti dijú. “Ta ló ń ra mí lórí? Má dáwọ́ dúró.”

“Èmi ni, Màmá,” ló wí, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ ra ẹlẹ́ẹ̀kẹta.

Kò kúrò níbẹ̀ mọ́. Ọ̀sán ni Màmá lọ, wọ́ọ́rọ́wọ́, ọwọ́ rẹ̀ nínú ọwọ́ ọmọ rẹ̀. Nígbà tí enjinníà dé pẹ̀lú àpò irinṣẹ́, Ìyá Ẹ̀sọ̀ fi omijé lójú sọ fún un pé kó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà náà, bí Rọ́bà bá ti ra ẹnikẹ́ni lórí, Ìyá Ẹ̀sọ̀ á lọ tẹ àwọn ọmọ onítọ̀hún láago pé kí wọ́n tètè máa bọ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ló ń bá a láàyè.

Òun ló ṣì ń fi ọṣẹ wẹ Rọ́bà ní ìrọ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n kì í bọ́ bàtà níbẹ̀, kì í sì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ òun súnmọ́ ọn.