Ìyá Ààrò Wọ Yàrá Gbígbóná

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Ìyá Ààrò fi dúró níwájú ààrò búrẹ́dì kan náà. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ló fún un lórúkọ yẹn, nítorí pé níbi tí àwọn ọkùnrin tó sígbọnlẹ̀ ti ń nujú, tí wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ, ṣe ni òun máa ń na ọwọ́ wọ inú ooru lọ bí ẹni tó fẹ́ mú ìgò omi nínú fìríìjì. Àpá iná mẹ́rin ló wà lápá ọ̀tún rẹ̀, ó sì mọ ọjọ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn débẹ̀. Bí àlejò bá wọlé tó ní, "Ẹ̀yin èèyàn yìí, báwo lẹ ṣe ń fara da ibí?", òun ni wọ́n máa ń nawọ́ sí.

Nígbà tó yá, ọ̀gá ra ẹ̀rọ tuntun tó ń yan búrẹ́dì fúnra rẹ̀. Wọ́n dá Ìyá Ààrò dúró tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, wọ́n fún un ní àga onítìmùtìmù kan, wọ́n sì bá a ya fọ́tò. Ó gbé àga náà délé, ó jókòó sínú rẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, orúnkún rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í dún bí ilẹ̀kùn tí wọn kò fepo sí. Ṣùgbọ́n orúnkún kọ́ ló ń dùn ún jù. Ṣe ló dà bíi pé gbogbo ayé ti tutù mọ́ ọn lára.

Ọmọ àbúrò rẹ̀ obìnrin, tó ń ta bàtà, ló mú ọ̀rọ̀ yógà wá.

"Mọ́mì, yàrá kan wà tí wọ́n máa ń mú gbóná. Ẹ ó máa na ara yín níbẹ̀, ẹ ó sì máa mí dáadáa. Orúnkún yín á rọ̀."

"Báwo ló ṣe gbóná tó?"

"Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ lọ, mo rò pé mo ti kú."

Ìyá Ààrò rẹ́rìn-ín. "Èmi lẹ fẹ́ fi ooru dẹ́rù bà?"

Ọkọ rẹ̀ gbójú sókè níbi tó ti ń ka ìwé ìròyìn. "Ìwọ tí wọ́n ń sanwó fún tẹ́lẹ̀ kí o tó làágùn," ó ní, "ìwọ náà ló wá fẹ́ máa sanwó báyìí."

Òkè ilé ìtajà awò ojú kan ni yàrá náà wà. Pákó ni wọ́n fi ṣe ilẹ̀ rẹ̀, dígí gba ògiri kan láti òkè délẹ̀, ẹ̀rọ amúlégbóná mẹ́rin sì rọ̀ láti àjà. Tíṣà ibẹ̀, ọ̀dọ́bìnrin kan tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, fún un ní ìwé ìbéèrè kan pé kó fèsì sí i kó tó bẹ̀rẹ̀. Ṣé ó lóyún? Ìyẹn pa á lẹ́rìn-ín. Ṣé ó ní àìsàn ọkàn? Rárá. Ṣé ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, àbí ó ń lo oògùn kankan? Ó ti di ọdún mẹ́fà tó ti ń gbé hóró oògùn kan mì láràárọ̀ nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru. Ṣùgbọ́n bó bá kọ ọ́ síbẹ̀, wọ́n á fi òun sí ẹ̀gbẹ́ kan bí arúgbó. Ó kọ "rárá".

"Ẹ mu omi kí ẹ tó wọlé," tíṣà sọ fún gbogbo wọn, "ẹ sì máa mu ún díẹ̀díẹ̀. Bí ojú bá ń ṣú yín, ẹ jókòó. Bí kò bá lọ, ẹ jáde."

Gbogbo wọn mi orí, ṣùgbọ́n ojú ń ti kálukú láti jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tó máa jáde.

Abẹ́ ẹ̀rọ amúlégbóná gan-an ni Ìyá Ààrò tẹ́ ẹní rẹ̀ sí. Nígbà tí ooru náà bà á lára, omi lé sí i lójú, bíi pé ẹbí rẹ̀ kan ló ti ìrìn àjò dé. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, òun ni àwòkọ́ṣe yàrá náà. Àwọn ọmọ ogún ọdún á ti sùn sílẹ̀ gbalaja, òun á ṣì dúró ṣánṣán. Ara rẹ̀ rọ̀ débi pé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ń kan ilẹ̀, ohun tí kò ṣe láti ìgbà ọmọge. Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀yìn itan rẹ̀ á máa ta á bí ẹni tí wọ́n ń já léèékánná.

"Màmá, ooru máa ń tan èèyàn jẹ," tíṣà kìlọ̀ fún un. "Iṣan á rọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ ò sì ní mọ̀ pé ẹ ti nà án kọjá agbára rẹ̀ àfi tó bá di ọ̀la. Ẹ dúró níbi tí ara yín bá ti ní ó tó."

"Mo gbọ́, tíṣà."

Gbígbọ́ ló gbọ́, kò gbà.

Ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ kẹrin, kò fẹnu kan omi láti ọ̀sán, nítorí pé oògùn náà máa ń jẹ́ kó tọ̀ léraléra, kò sì fẹ́ máa kọjá lórí ẹní àwọn èèyàn lọ sílé ìtọ̀. Wọ́n tẹ̀ síwájú, wọ́n fọwọ́ kanlẹ̀, tíṣà ní kí wọ́n dìde. Bó ṣe ń dìde ló rí i pé òtútù ń mú òun nínú gbogbo ooru yẹn. Ó wo inú dígí, ó rí obìnrin kan tó ń fì sọ́tùn-ún sósì, ó sì ń rò ó lọ́kàn pé, ta ni màmá tó fẹ́ ṣubú yẹn?

Ọmọ àbúrò rẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló gbá a mú léjìká, ni orí rẹ̀ kò fi kọlu ilẹ̀. Wọ́n gbé e bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tí atẹ́gùn wà. Tíṣà gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ lé orí àga, ó fi aṣọ tútù sí i lọ́rùn àti abíyá, ó sì dúró kó lajú dáadáa kó tó máa fún un lómi díẹ̀díẹ̀.

"Màmá, ṣé ẹ ń lo oògùn kankan?"

Ìyá Ààrò di ojú padà. Ọmọ àbúrò rẹ̀ ló dáhùn: "Ó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru."

Tíṣà yí aṣọ tútù náà padà sí i lọ́rùn. Ìtọ́jú yẹn dun Ìyá Ààrò ju èébú lọ.

Dókítà tó rí i lọ́jọ́ kejì kò bá a jà. "Iṣẹ́ oògùn yín ni kó fa omi kúrò lára yín, Màmá. Ẹ wá gbé ara yín lọ sí yàrá tó tún ń fa omi, ẹ̀yin fúnra yín kò sì mu omi. Kí ni ẹ̀jẹ̀ fẹ́ fi gòkè dé orí?"

"Ṣùgbọ́n, dókítà, ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo lò nídìí ààrò."

"Báwo lẹ ṣe ń ṣe é níbẹ̀?"

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Iwájú ni ooru máa ń wà. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kì í tì. Tí wọ́n bá ti kó búrẹ́dì kan jáde, gbogbo wọn á bọ́ sí àgbàlá kí òmíràn tó wọlé. Korobá omi kan wà lẹ́nu ọ̀nà, ọ̀gá a sì máa pariwo mọ́ ẹni tí kò bá mu nínú rẹ̀. Bó ṣe ń sọ ọ́, ohùn rẹ̀ ń lọ sílẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ló ń ròyìn, etí rẹ̀ ló ń kọ́gbọ́n. Kò fìgbà kan lágbára ju ooru lọ. Òfin ló ń pa mọ́, òfin náà sì ti mọ́ ọn lára débi pé kò mọ̀ pé òfin ni.

Dókítà ní kó má jáwọ́ nínú oògùn, kó fi yàrá gbígbóná sílẹ̀ fún oṣù méjì, kó máa ṣe yógà nínú yàrá lásán, kó sì padà wá kí àwọn jọ wò ó.

Kó tó dé ilé, ó yà lọ́dọ̀ tíṣà. "Mo parọ́ fún ọ nínú ìwé yẹn. Jọ̀ọ́, má bínú."

Tíṣà gbé aṣọ ìnura tó ń ká sílẹ̀. "Èmi náà lẹ́bi tèmi, Màmá. Mo máa ń ní kí wọ́n jáde tó bá rẹ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n tí ẹnì kan bá jáde, mo máa ń fojú sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Wọ́n ń rí mi, ojú sì ń tì wọ́n."

"Nígbà náà, jẹ́ kí gbogbo yín jọ máa jáde lẹ́ẹ̀kan láàárín ẹ̀kọ́. Ojú ò ní ti ẹnikẹ́ni."

"Ooru á jáde o."

"Jẹ́ kó jáde. Ṣé kò mọ ọ̀nà ilé ni?"

Tíṣà gbà. Àwọn méjì kan nínú àwọn tó ń wá kò fara mọ́ ọn, wọ́n sì bá tiwọn lọ síbòmíràn. Àwọn tó kù ń jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń mu omi, wọ́n sì ń bára wọn sọ̀rọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́.

Lẹ́yìn oṣù méjì, dókítà gbà kó máa wọlé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, fún ìdajì àkókò, tí wọ́n bá dín ooru kù. Ẹnu ọ̀nà ló tẹ́ ẹní rẹ̀ sí báyìí. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kò tíì pẹ́ púpọ̀ tí òòyì fi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ. Ìgbéraga àtijọ́ ní kó fara dà á díẹ̀ sí i, ìṣẹ́jú kan péré ni. Inú rẹ̀ kò dùn, kí á má parọ́. Ṣùgbọ́n ó jókòó, ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó sì ṣí omi rẹ̀. Láìpẹ́, ọkùnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí ojú rẹ̀ ti pọ́n bí epo, wò ó lẹ́ẹ̀kan, òun náà sì rọra jókòó.